Ìwé Tí Ó Dé Bá Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn ilé kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kì í ṣe ilé ẹnìkan pàtó ni a ní lọ́kàn. A fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní Ìlú Òyìnbó.

Bàbá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni ọdún 67. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mu sìgá fún ọdún 28 kí ó tó pa á tì ní ọdún 12 sẹ́yìn. Ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sì wúkọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìwé dé sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera pé kí ó wá, kí a bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí ó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, kí a ya àwòrán inú àyà rẹ̀. Bàbá ka ìwé náà tán, ó ká a, ó sì tì í sí abẹ́ àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹta ni ìyàwó rẹ̀ rí i.

"Bàbá Fúnmi," ni obìnrin náà wí, "ìwé yìí ti dé láti ọjọ́ Ajé, ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ìyá Fúnmi, kí ni kí n sọ? Ara mi le. Ẹni tí ó bá wá ìwákúwàá, yóò rí ìríkúrìí."

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun."

Òwe méjèèjì ni ó jẹ́ òtítọ́, àwọn àgbà ni ó sì pa méjèèjì fún wa. Ohun tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣe láti ohun tí ó lé ní 50 ọdún sẹ́yìn ni láti mọ ibi tí òwe kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà yẹ kí gbogbo agbo ilé mọ̀, nítorí ìwé bẹ́ẹ̀ lè dé ilé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará wa lọ́la, kò sì dára kí ẹ̀rù tàbí ìtìjú nìkan jẹ́ olùdámọ̀ràn wa.

ÀRÙN TÍ KÌ Í PARIWO

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń pa ènìyàn jù lọ nínú gbogbo irú jẹjẹrẹ tí ó wà láyé. Ìṣirò ọdún 2022 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn ni a rí àrùn náà lára wọn ní ọdún kan ṣoṣo yẹn, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8. Ìdí tí ó fi ń pani tó báyìí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹran inú ẹ̀dọ̀fóró kì í mọ ìrora bí awọ ara ti ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, lójú kan náà ni a ó mọ̀; ṣùgbọ́n kókó lè hù nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó tó hóró àgbàdo, kí ó dàgbà tó èkùrọ́, kí ẹni tí ó ni àyà má sì fura rárá. Nígbà tí ikọ́ bá di èyí tí kò lọ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tí ara ń rù, tí mímí sì ń ṣòro, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn náà ti kúrò ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí ó ti dé egungun, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí ọpọlọ.

Àwọn oníṣègùn pín ìrìn àrùn yìí sí ìpele mẹ́rin. Ẹni tí a bá rí i lára rẹ̀ ní ìpele kìn-ín-ní, oníṣẹ́ abẹ lè gé ibi tí ó wà kúrò, ó sì ju ìdajì irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò rí i lára wọn títí di ìpele kẹrin, kì í pé 10 nínú 100 wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọdún márùn-ún ń bá láyé. Àrùn kan náà ni. Àkókò tí a rí i ni ó yàtọ̀. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ Ìyá Fúnmi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí a bá lè rí i ní òkèèrè, ó yẹ kí a lè sá fún ẹkún.

ÀWÒRÁN ÀKỌ́KỌ́ KÒ TÓ

Láti wá àrùn lára ẹni tí ara rẹ̀ le kì í ṣe ohun tuntun. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe ọdún 1957, ìlú Glasgow ní Skọ́tílándì pe gbogbo àgbàlagbà rẹ̀ jáde kí a lè fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán àyà wọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń wá nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó lé ní 700,000 ènìyàn tí ó tò síwájú ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ náà so èso rere, nítorí pé ẹni tí a bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára rẹ̀, oògùn ti wà tí yóò wò ó sàn, kò sì ní kó o ran àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́.

Ní àkókò kan náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń gbilẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó àti ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill ti fi ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù hàn pé sìgá ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Nítorí náà àwọn oníṣègùn rò ó pé ohun tí X-ray ṣe fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó yẹ kí ó lè ṣe é fún jẹjẹrẹ pẹ̀lú.

Wọ́n dán an wò. Ní ọdún 1971, ilé ìwòsàn Mayo ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan láàárín àwọn ọkùnrin 9,211 tí wọ́n ń mu sìgá púpọ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ gègé. Apá kìn-ín-ní ń ya àwòrán àyà ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin fún ọdún mẹ́fà. Apá kejì ni a kàn gbà níyànjú kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò lọ́dọọdún. Nígbà tí a ka iye wọn ní ọdún 1983, a ti rí jẹjẹrẹ lára ènìyàn 206 ní apá kìn-ín-ní, àti 160 ní apá kejì. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka òkú, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pa 122 ní apá tí à ń ya àwòrán fún, ó sì pa 115 ní apá kejì. Àwòrán ti rí àrùn púpọ̀ sí i, kò sì gba ẹ̀mí là.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ àpèjúwe kan. Àgbẹ̀ méjì ní oko létí odò kan náà. Ọ̀kan gbọ́ ní àárọ̀ kùtùkùtù pé àgbàrá ń bọ̀. Èkejì kò gbọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà tí a fi lè kó iṣu kúrò nínú oko, omi yóò gbé iṣu àwọn méjèèjì lọ ní wákàtí kan náà. Ẹni tí ó tètè gbọ́ kò jèrè ohunkóhun ju pé ó fi gbogbo ọjọ́ ṣọ̀fọ̀. Bí a bá sì ka wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wà pẹ̀lú iṣu rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbọ́ ìròyìn, yóò dà bí ẹni pé ti ẹni àkọ́kọ́ pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni kò pẹ́ jù. Nítorí ìdí èyí ni àwọn olùwádìí kì í fi béèrè pé, "Ẹni mélòó ni a rí àrùn lára rẹ̀?" bí kò ṣe pé, "Ẹni mélòó ni kò kú mọ́?"

Kí ó má bàa jẹ́ pé ìdánwò kan ṣoṣo ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, wọ́n tún ṣe èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, tọkùnrin tobìnrin, ènìyàn 154,901. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: àwòrán X-ray lọ́dọọdún kò dín ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Ìdí kan ni pé òjìji lásán ni àwòrán X-ray. Egungun ìhà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà lórí ara wọn nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́ta bá tò sẹ́yìn ara wọn tí òjìji wọn sì di ọ̀kan lára ògiri. Kókó kékeré lè fi ara pamọ́ sẹ́yìn egungun títí yóò fi dàgbà ju ohun tí ọ̀bẹ lè gé.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń GÉ ÀWÒRÁN BÍ BÚRẸ́DÌ

Nígbà tí wọ́n ń dán X-ray wò ní Minnesota, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó. Godfrey Hounsfield, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ EMI, ti ń ro bí ènìyàn ṣe lè rí inú àpótí láìṣí i, bí a bá gba oríṣiríṣi ìhà wò ó. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi ìtànṣán yí ènìyàn ká, tí kọ̀ǹpútà sì ń kó gbogbo ohun tí ó rí jọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1971, a fi ẹ̀rọ náà wo orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1979, òun àti Allan Cormack, ẹni tí ó ti ṣe ìṣirò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú, jùmọ̀ gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀rọ náà ni à ń pè ní CT. Kì í ya òjìji kan ṣoṣo. Ó ń fi ara hàn ní awẹ́-awẹ́, bí ìgbà tí a bá gé odindi búrẹ́dì, tí a sì ń wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kókó tí ó fi ara pamọ́ sẹ́yìn egungun nínú òjìji kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí ọ̀nà láti dín ìtànṣán inú rẹ̀ kù púpọ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni à ń wò. Ní ọdún 1999, Claudia Henschke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ròyìn ohun tí wọ́n rí láàárín ènìyàn 1,000 tí wọ́n ti mu sìgá rí. CT rí jẹjẹrẹ lára ènìyàn 27, X-ray sì rí ti 7 péré. Nínú 27 náà, 23 wà ní ìpele kìn-ín-ní. Ayọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbàgbé ẹ̀kọ́ Minnesota wí pé kí a dúró ná: a ti rí àrùn, ṣùgbọ́n ṣé a ti gba ẹ̀mí là?

Láti dáhùn ìbéèrè náà, Amẹ́ríkà gba ènìyàn 53,454 sínú ìdánwò ńlá kan láàárín ọdún 2002 sí 2004. Gbogbo wọn wà láàárín ẹni ọdún 55 sí 74, wọ́n sì ti mu sìgá púpọ̀. Wọ́n ya àwòrán ìdajì wọn pẹ̀lú CT, ìdajì yòókù pẹ̀lú X-ray, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀dọ̀ àwọn tí a fi CT wò fi ìdá 20 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Òkú ni a kà ní àkókò yìí, kì í ṣe àrùn nìkan. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2020, àwọn ará Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù tẹ ti wọn jáde: láàárín ọkùnrin 13,195 tí a tọ́ sọ́nà fún ọdún 10, ikú náà fi ìdá 24 nínú 100 dín kù ní ọ̀dọ̀ àwọn tí a pè sí CT.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ìyá Fúnmi ṣe rí ẹ̀rí. Àgbẹ̀ gbọ́ ìròyìn àgbàrá, ó sì rí àkókò kó iṣu rẹ̀ kúrò.

ÌWÁKÚWÀÁ ÀTI ÌRÍKÚRÌÍ

Ǹjẹ́ Bàbá Fúnmi ha sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ bí? Rárá o. Ẹ tún wo ìdánwò Amẹ́ríkà yẹn. Nínú 100 àwòrán CT tí a yà, nǹkan bí 24 ni ó fi ohun tí ó yẹ ní fífura sí hàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí a fura sí, ó lé ní 96 nínú 100 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Àpá àrùn àtijọ́ ni òmíràn, kókó tí kò lè pani lára ni òmíràn. Síbẹ̀ ẹni tí a bá sọ fún pé a rí nǹkan ní àyà rẹ̀ kò ní sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn a ó ní láti fi abẹ́rẹ́ gígùn yọ díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí ó lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò sínú àyà tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí a ti là láyà nítorí ohun tí kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn.

Ìṣòro kejì wà. Jẹjẹrẹ mìíràn máa ń rọra rìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín yóò fi dàgbà, tí ohun mìíràn yóò sì fi mú un lọ kí jẹjẹrẹ náà tó dá a lóró. Bí a bá rí irú èyí tí a sì gé e, a ti fi ìyà iṣẹ́ abẹ jẹ ẹni tí kì bá tí mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Ìṣòro kẹta ni ìtànṣán. Èyí tí ó wà nínú àyẹ̀wò kan kéré sí èyí tí ilẹ̀ àti òfurufú ń fún ènìyàn ní Ìlú Òyìnbó láàárín ọdún kan; ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré, bí a bá ń ṣe é lọ́dọọdún fún ẹni tí kò nílò rẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu.

Gbogbo èyí ni kò jẹ́ kí àwọn oníṣègùn jókòó tẹtẹrẹ. Nínú ìdánwò Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù, wọn kò sáré fa ọ̀bẹ yọ nígbà tí wọ́n bá rí kókó tí kò dá wọn lójú. Wọ́n wọn bí ó ti tóbi tó, wọ́n sì pe ẹni náà padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti tún un wọ̀n. Kókó tí kò dàgbà, wọ́n fi sílẹ̀. Èyí tí ó ń yára dàgbà, wọ́n tọ̀ ọ́ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, nǹkan bí méjì péré nínú 100 àwòrán ni ó rán ọkùnrin lọ fún àyẹ̀wò mìíràn ní ilé ìwòsàn. Sùúrù di apá kan nínú ìṣègùn.

TA NI Ó YẸ KÍ A PÈ?

Nígbà tí Ìyá Fúnmi ka ìwé náà tán, ó béèrè pé, "Kí ló dé tí wọn kò kọ ìwé sí èmi náà?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò mu sìgá rí. Nínú ìdánwò Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tí wọ́n ti mu sìgá púpọ̀ pàápàá, nǹkan bí 320 ènìyàn ni a ní láti yẹ̀ wò kí a tó gba ẹ̀mí ẹnì kan lọ́wọ́ ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá kó gbogbo ìlú jọ, àgbà àti ọmọdé, amúsìgá àti ẹni tí kò mu ún, iye tí a ó yẹ̀ wò fún ẹ̀mí kan yóò pọ̀ jọjọ, àwọn tí a ó sì kó sínú ìríkúrìí yóò pọ̀ ju àwọn tí a ó gbà là.

Nítorí náà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fa ìlà. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ń dámọ̀ràn lórí irú ọ̀ràn yìí sọ ní ọdún 2021 pé kí á yẹ àwọn ẹni ọdún 50 sí 80 wò lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti mu ìwọ̀n sìgá tí ó tó páálí kan lójúmọ́ fún 20 ọdún, tàbí páálí méjì lójúmọ́ fún ọdún 10, tí wọ́n sì ń mu ún títí di òní tàbí tí kò tíì pé ọdún 15 tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní Ìlú Òyìnbó, ìgbìmọ̀ ti ibẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2022, ìjọba sì kéde ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 pé a ó mú un dé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, fún àwọn ẹni ọdún 55 sí 74 tí wọ́n ti mu sìgá rí. Ní Taiwan, níbi tí àrùn náà ti ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fẹnu kan sìgá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 2022, wọ́n sì fi àwọn tí àrùn náà ti mú ìbátan wọn kún un.

Mímọ ẹni tí ó yẹ kò tó. Ó kù bí yóò ṣe wá. Àwọn tí wọ́n ń mu sìgá jù ni tálákà, àwọn náà sì ni kì í ráyè lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2016, àwọn oníṣègùn Manchester gbé ẹ̀rọ CT sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọjà ní àwọn àdúgbò tí ìyà ti pọ̀. Ènìyàn 2,541 ni ó wá. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n, àwọn 1,384 tí ewu wọn pọ̀ ni wọ́n sì ya àwòrán fún. Wọ́n rí jẹjẹrẹ lára ènìyàn 42, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 jẹjẹrẹ tí a rí sì wà ní ìpele kìn-ín-ní tàbí ìkejì. Ẹni tí ó lọ ra ẹran àti tòmátì, tí kò mọ̀ pé àrùn wà lára òun, rí ìwòsàn ní ẹnu ọjà.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Àbúrò Bàbá Fúnmi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí tẹlifóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí èmi náà wá owó, kí n lọ ya irú àwòrán yìí?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ohun tí ó dára fún ilé kan lè má bá ilé kejì mu. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pọ̀ jù láyé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó ti san pàápàá a máa fi àpá àti kókó sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú àwòrán CT, ó sì lè ṣòro láti fi ìyàtọ̀ sáàárín irú àpá bẹ́ẹ̀ àti jẹjẹrẹ. Ẹni tí kò mu sìgá rí, tí ó sì fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ya àwòrán, lè ra ìbẹ̀rù fún ara rẹ̀. Bí àbúrò bá ti mu sìgá púpọ̀, tí ó sì ti dàgbà, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè ohun kan: bí a bá rí kókó, ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n, níbo ni iṣẹ́ abẹ yóò ti wáyé, èló sì ni? Àwòrán tí kò ní ìtọ́jú lẹ́yìn dà bí ìròyìn àgbàrá fún àgbẹ̀ tí kò ní agbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ń ta ẹ̀jẹ̀ sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí ó ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí tí èémí ń ṣòro fún, ìyẹn kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìwé pè. Kí ó dìde lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ìbáà mu sìgá rí tàbí kò mu ún. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba tí a yàn fún un ní Nàìjíríà, oògùn rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

OHUN TÍ ÀWÒRÁN KÒ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé tí a ti bẹ̀rẹ̀. Fúnmi, ọmọbìnrin wọn, wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ sì fi ìwé náà hàn án. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè ná. Bí ẹ bá gbọ́ tán tí kò wù yín, ẹ kọ̀."

Nígbà yìí ni ọkùnrin náà tó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìrora ni ó ń bẹ̀rù. "Wọn yóò ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á," ni ó wí. Ìtìjú ni ó fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìwé ìròyìn.

Ó lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó bá a sọ̀rọ̀ kò bá a wí. Wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sé èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé kejì dé: kókó kékeré kan wà, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. "Ẹ ò rí i?" ni ó wí, "Ìríkúrìí náà nìyí." Oṣù mẹ́ta yẹn gùn nínú ilé náà. Ìyá Fúnmi a máa jí lóru láti gbọ́ bóyá ọkọ òun ń wúkọ́. Nígbà tí wọ́n tún kókó náà wọ̀n, kò dàgbà rárá. Wọ́n ní kí ó máa lọ, àwọn yóò tún pè é nígbà tí ó bá tó àkókò.

A fi ìtàn náà parí síbẹ̀ nítorí bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ nìyẹn. Òwe ọkọ àti òwe ìyàwó ṣẹ lọ́jọ́ kan náà. Ilé náà san owó ìdààmú oṣù mẹ́ta. Nítorí irú owó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ń san ni a fi ń rí ilé kan tí ikú ìbá ti wọ̀. Ẹni tí a pè ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye owó náà kí ó tó lọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti lọ láìsí ẹni tí yóò fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í dènà àrùn. Ó ń rí i ni. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ mọ́ lónìí tí ó sì tan sìgá nígbà tí ó jáde kò tíì ṣe nǹkankan. Nǹkan bí ọdún 10 lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti pa sìgá tì, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tí ó ṣì ń mu ún. Kò sí àwòrán kan tí ó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 lórí tábà ka títa sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kọ́ ọmọ kí ọjà tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ìwé bá dé sí yín, ẹ má ṣe tì í sábẹ́ ohunkóhun. Ẹ gbé e sí orí tábìlì níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹun, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì jùmọ̀ gbìmọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ, òǹkàwé wa, ni ó ní sìgá nínú àpò nísinsìnyí, má ṣe dúró de ìwé kankan.